Ihò Ìkẹyìn Lára Ọkọ̀

"Bàbá Ẹbùn, ẹ ò tíì sọ fún olóògbé pé ẹ ti ra ọkọ̀ rẹ̀," ni ìyàwó Ikúẹ̀sàn wí.

"Ṣé òun ló máa bá mi wà á ni?"

Ikúẹ̀sàn ti pààrọ̀ gbogbo pákó tó jẹrà lára ọkọ̀ náà. Ìdájí ni yóò gbé e lọ pẹja, ihò kan ṣoṣo sì lè mú un rì.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó dojú ọkọ̀ dé, ó gbé àtùpà sábẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi òwú dí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ó wá ku ẹyọ kan. Ó ki òwú bọ̀ ọ́. Ẹnìkan rọra tì í jáde láti inú.

"Fi èyí sílẹ̀ fún mi," ni ohùn kan wí. "Ibẹ̀ ni mo ti ń mí."