Ìwé Mọ́kàndínlógún Tó Jẹ́ Ẹyọ Kan

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá ní kí o wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ tí o kò gbọ́, nípa ilé tí o kò wọ̀ rí, ṣé wàá búra? Wàá ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀, ohun tí Jàmílàt, ọmọ àdúgbò wa ní Ìgbó-Ọrà, ṣe gan-an nìyẹn. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Àléébù kan ló ní: kì í fi ojú ara rẹ̀ wo nǹkan dé ìdí. Bí nǹkan mìíràn bá ti lè bá a wò ó, ó tán lójú tirẹ̀.

Jàmílàt ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì kan. Mo gbìyànjú kí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un yé mi, ó sì yé mi díẹ̀. Ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, nígbà tí aago ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ilé wọn. Igba ìwé ni, gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ni yóò kà wọ́n, tí yóò máa ṣírò iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ aago bá wà nítòsí iṣẹ́, tàbí àdúrà, tàbí ikú. Láti ibẹ̀ ni Jàmílàt yóò ti sọ ohun tí àwọn ènìyàn ìgbà náà rò nípa àkókò. Dókítà Olúwayẹ́misí, obìnrin tó ń darí iṣẹ́ náà, kìlọ̀ fún un pé kí ó kọ́kọ́ ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó kó o fún kọ̀ǹpútà. Ó ní bí iṣẹ́ náà bá yọrí, Jàmílàt ni wọn yóò gbà sí iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀.

Bàbá Tàófíìk wà ní Ìdèrè, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó kọ́ Jàmílàt ní ABD. Ojú bàbá ti ń ṣú bọ̀ nígbà náà. Bí ó ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí, inú rẹ̀ dùn.

"Jàmílàt, tẹ díẹ̀ wá fún mi nínú ìwé náà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi lu irin ilé ìwé, n kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ní kí á máa lu nǹkan fún àkókò. Kí ojú yìí tó lọ, jẹ́ ká jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀."

"Mo ṣèlérí, Bàbá. Sátidé ni mò ń bọ̀."

Sátidé dé, kò lọ. Ó pè é lórí fóònù: "Bàbá, ẹ má bínú, àyè ni kò sí."

"Ìwọ tó ń kàwé nípa àkókò ni kò ní àkókò?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Jàmílàt náà rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé ń gorí Sátidé.

Nígbà tó ń to àwọn ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà, mọ́kàndínlógún nínú wọn ní orúkọ tó fẹ́ bára mu, ọdún tí wọ́n tẹ̀ wọ́n nìkan ló yàtọ̀. Ràhmọ̀t ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í.

"Ṣé o ò ní ṣí àwọn tó jọra yìí wò?"

"Ìwọ ọmọ Ìgbó-Ọrà yìí, o ò mọ ìbejì ni? A kì í rí ìbejì lẹ́nu ọ̀nà ká ní kí ọ̀kan padà. Jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé jàre!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Jàmílàt sì tẹ bọ́tìnì. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè; ojú kọ̀ǹpútà ni ọmọ yìí gbé lọ sọ́jà.

Èsì jáde. Ibi tí aago bá wà, ikú ń bẹ níbẹ̀. Jàmílàt kọ ọgọ́rin ojú ìwé pé ẹ̀rù aago ń ba gbogbo àwọn ará ìgbà náà. Ọjọ́ ìdánwò ẹnu pé, bàbá kan tó ti yunifásítì mìíràn wá sì bi í léèrè.

"Ọmọ mi, àwọn wo ló ń bẹ̀rù?"

"Òǹkọ̀wé púpọ̀ ni, sà."

"Ka ìlà àkọ́kọ́ nínú ọ̀kan lára ìwé wọn fún wa."

Ó ṣí i. Ọ̀rọ̀ oníwàásù kan ni: bí aago bá ti ń dún, pósí rẹ ni wọ́n ń kàn.

"Ó dára. Ka òmíràn."

Ó ṣí òmíràn. Bí aago bá ti ń dún, pósí rẹ ni wọ́n ń kàn. Ó rò pé ọwọ́ òun ló ṣì í. Ó ṣí ẹ̀kẹta. Pósí. Ẹ̀kẹrin. Pósí. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kò mọ èyí tó ti ṣí mọ́ àti èyí tó kù.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí kọ́ la kà tán? Àbí ẹ̀rọ yìí ni... mi ò mọ̀, sà."

Bàbá náà mi orí. "Oníwàásù kan ni, ìwé rẹ̀ kan ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà mọ́kàndínlógún. Ẹnì kan ló pariwo, ìwọ ní gbogbo ìlú ló sunkún."

Wọ́n da iṣẹ́ náà padà sí i lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Godwin, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ni wọ́n fún ní iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí Jàmílàt dé ilé, ó ń rìn káàkiri àgbàlá bí ẹni tó sọ nǹkan nù tí kò rántí ohun tó jẹ́. Kò mọ ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Kọ̀ǹpútà kò purọ́. Ohun tí ó kó fún un ló kà.

Ìgbà yẹn ló tó rántí Ìdèrè. Ó bá Bàbá Tàófíìk lórí àga rẹ̀, ojú ti lọ pátápátá. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìbejì kẹ̀?" Bàbá ní. "Ìbejì méjì, ẹkún méjì ni wọ́n ń sun. Ẹni tó ya fọ́tò mọ́kàndínlógún, ṣé ó di ènìyàn mọ́kàndínlógún ni? Ká ní o mú wọn wá nígbà tí mo ń ríran, ǹ bá ti sọ fún ọ."



Ẹ̀yin ọmọ wa, ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ẹ lo ẹ̀rọ, kò burú, Ọlọ́run ló fún ènìyàn ní ọgbọ́n tó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ò bá fi ojú ara yín kà, ẹ má ṣe jẹ́rìí sí i. Bí ẹ bá sì ṣèlérí fún àgbà, ẹ tètè mú un ṣẹ, nítorí ojú àgbà kì í dúró de ọmọdé.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Jàmílàt jókòó ti Bàbá Tàófíìk pẹ̀lú ìwé tó tẹ̀ wá. Ó ka ojú ìwé kìn-ín-ní sókè, ó ń túmọ̀ ibi tó le. Bí ó ṣe fẹ́ ṣí èkejì, Bàbá na ọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀.

"Má sáré. Tún ìlà tó kẹ́yìn yẹn kà fún mi."

Ó sì tún un kà.