Ṣíbí Àtalẹ̀ Pupa Kan Láràárọ̀

Ọ̀gbẹ́ni Matthias kò parọ́ fún Tolúwaṣẹ. Ó ní èròjà tó ń mú àtalẹ̀ pupa pọ́n bẹ́ẹ̀ ti ṣe dáadáa lára eku, ó jọ pé ó ń dín ohun tó ń ba ọpọlọ àgbàlagbà jẹ́ kù, ṣùgbọ́n ti ènìyàn kò tíì dájú. Ara kì í tètè gbà á, ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n máa fi iyèré díẹ̀ sí i. Ọmọ Kábà ni, olùkọ́ nípa ewéko ní iléèwé gíga kan ní Afaka, ó sì ń wá àwọn arúgbó tó ń ṣarán láti fi dán an wò. Ìyá Tolúwaṣẹ ló di ẹnì kẹtàlá.

"Ṣé ó máa tún mọ̀ mí báyìí, sà?"

"Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ná. Mi ò ṣèlérí o."

Ọdún méjì sẹ́yìn ni Fọlábí, ẹ̀gbọ́n Tolúwaṣẹ, kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Àbújá. Ta ni yóò la ẹnu sọ fún ìyá ẹni àádọ́rin ọdún pé àkọ́bí rẹ̀ ti kú? Àṣà kò sì gbà kí òbí dé ibojì ọmọ. Wọ́n sáré sin ín sí Kaduna níbí, wọ́n ní ó ti lọ Kánádà. Àwọn aládùúgbò ní Sabon Tasha bá wọn bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó ti ń pe ìyá náà ní Ìyá Fọlábí láti ogójì ọdún yí i padà wéré, ó di "Màmá, ẹ káàárọ̀ o."

Akínladé, ọkọ Tolúwaṣẹ, ló ń ṣe ohùn Fọlábí lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣe é. Lẹ́ẹ̀kejì, òógùn bò ó, ó wọ yàrá lọ sunkún, ó ní òun ò ṣe é mọ́ láéláé. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni iyè Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó ń béèrè bóyá Fọlábí ti ti iléèwé dé.

"Ó ń bọ̀, mà," ni wọ́n máa ń wí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò nílò fóònù mọ́. Ara tu Tolúwaṣẹ, ojú ara rẹ̀ sì tì í.

Ó wá ń le sí i. Màmá ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ pe Tolúwaṣẹ. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rí i létí ọ̀nà Kachia, tó ń dá rìn, tí erùpẹ̀ kún èékánná rẹ̀. Ó ní oko lòun ń lọ. Oko wo, nínú Kaduna! Tolúwaṣẹ ra àgádágodo, ó fi ti géètì. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń po ṣíbí àtalẹ̀ kan mọ́ ògì, ó sì ń dúró ti Màmá títí yóò fi mu ún tán.

"Ìgbà wo lo máa ṣí géètì yìí?" ni Màmá bi í lọ́jọ́ kan.

"Tí ara yín bá yá, mà."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Ọgbọ̀n ìbéèrè ni Matthias máa ń bi àwọn arúgbó rẹ̀: òní jẹ́ ọjọ́ wo, àwọn ọmọ yín ńkọ́, ẹ kà á sẹ́yìn láti orí ogún. Lákọ̀ọ́kọ́, mẹ́sàn-án ni Màmá gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Matthias bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Àwọn méjìlá yòókù ò tíì kúrò lójú kan. Mi ò rí irú eléyìí rí."

Tolúwaṣẹ dì mọ́ Màmá, ó sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà á, torí ẹni tí iyè rẹ̀ bá sọjí á béèrè ọmọ rẹ̀. Ó ń retí ìbéèrè náà. Nígbà tó máa dé, Màmá fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn.

"Kánádà ni Fọlábí wà, àbí? Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu pé kó pè mí o. Iṣẹ́ á ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Tolúwaṣẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀. Lọ́jọ́rú, ó ṣí géètì.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ti ibi iṣẹ́ dé, kò bá Màmá nílé. Ó wọ gbogbo àdúgbò, kò rí i. Ó pe Matthias, ó ń kígbe pé àtalẹ̀ náà ò ṣe nǹkan kan, pé iyè Màmá ti tún lọ. Oníkẹ̀kẹ́ kan ní oríta ló sọ fún un pé òun gbé arúgbó kan, òun sì já a sílẹ̀ lẹ́bàá ibi ìsìnkú. Àyà Tolúwaṣẹ já. Ibẹ̀ ni Fọlábí wà. Bí Màmá bá lọ ṣìnà dé ìdí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí ńkọ́? Yéè! Ó sáré títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí bàbá Hausa tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jókòó sí.

"Sannu, Baba." Èémí rẹ̀ kò délẹ̀. Hausa ló fi bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ rí arúgbó kan tó ṣìnà? Orí rẹ̀ ò pé mọ́."

"Kò sí arúgbó tó ṣìnà níbí, ọmọ mi," ni bàbá náà wí, "ìyá kan ṣoṣo ló wà nínú, ọmọ rẹ̀ ló wá wò, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti sin ín, àfi oṣù tó kọjá tí mi ò rí i, ó sì ti bẹ̀ mí pé bí mo bá rí èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù, kí n sáré wá pe òun kí òun lè sá pamọ́, torí wọn ò gbọdọ̀ mọ̀ pé òun mọ̀."