Ẹni Tí Ráìmí Kì

Òní ni ọjọ́ àwo orin Ráìmí Ẹlẹ́nu-Oyin. Irú ọjọ́ òní ló jáde ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí n tó sọdá sí ìlú òtútù yìí. Bí mo ti jí ni ògiri ilé wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ògiri ń kọ àwo kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ tó jáde. Bí kò bá sì sí ẹni tí olórin kì nínú rẹ̀ tó dáhùn, ó parí nìyẹn, a kì í gbọ́ ọ mọ́. Nínú gbogbo ẹni tí Ráìmí kì, èmi nìkan ló kù láyé.

Ìyàwó mi gbé tíì wá. "Bàbá Fọlárìn, ohùn yín ti há. Ṣé ògiri á dá yín mọ̀ báyìí?"

"Ìwọ ṣáà máa wò mí."

Ráìmí dé ibi tó ti kì mí: "Àkànjí ọmọ Láṣọjú, arẹwà ọkùnrin!"

"Èmi rèé o!"

Ògiri dákẹ́. Mo dìde, mo tún un ké bíi ti ọjọ́sí, mo sì fi ijó díẹ̀ kún un.

"A gbọ́, Àkànjí," ni ògiri wí. "Ó di àmọ́dún."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Arẹwà ọkùnrin, ó yá, ẹ jẹun. Ẹ ti níṣẹ́ lámọ́dún."