Àdúrà Ni Wọ́n Gbà, Wọn Ò Lo Áàpù Náà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbọ́ òótọ́, ẹ ó ní wọ́n ń jowú yín. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.
Fọláránmi ń gbé ní Plano, nítòsí Dallas. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣètò bí áàpù yóò ṣe rí lójú fóònù àti bí èèyàn yóò ṣe máa lò ó. Ó fi iléeṣẹ́ ńlá tó ti ń ṣe é sílẹ̀, ó lóun fẹ́ ṣe tòun. Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ló ṣe áàpù náà fún: bí wọ́n bá ti fún arúgbó lóògùn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí ẹni tó bá wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lè rí i. Èrò tó dára ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn.

2.
Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tó ti dán an wò? Ṣọ́ọ̀ṣì ni! Lẹ́yìn ìsìn, ó ń gbé fóònù kiri ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Détọ́lá.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo app mi."

"Ó mà dáa o, ọmọ mi! Ògo rẹ á tàn kárí ayé."

"Àmín!"

Gbogbo irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí kà sí èsì àyẹ̀wò.

Nọ́ọ̀sì ni Ìbílọlá ìyàwó rẹ̀. Òun wọ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú kíṣìnnì, ó sì gbìyànjú áàpù náà.

"Dádì Ọ̀rẹ́, gloves ló máa ń wà lọ́wọ́ wa. Button yìí kéré jù, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ẹ wá ibì kan lọ kẹ́ ẹ dúró ti àwọn caregiver níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́."

Fọláránmi fajú ro. "Gbogbo church ló ní ó dáa. Ìwọ nìkan lo rí àbùkù! Ṣé o ò fẹ́ kí n da nǹkan kan ni?"

Ìbílọlá bọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Kò dárúkọ áàpù nílé yẹn mọ́.

3.
Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Lancaster, nítòsí Dallas kan náà, gbà láti máa lò ó. Ẹ gbọ́, Fọláránmi ò débẹ̀ rí! Ilé ló jókòó sí, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń tẹ áàpù lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ń yọ̀. Kò mọ̀ pé ó ti sú àwọn òṣìṣẹ́. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n ń fúnni lóògùn mọ́. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ máa relé ni wọ́n ń bọ́ ìbọ̀wọ́, tí wọ́n á tẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó wá gbaṣẹ́ wo áàpù kí ẹni tó fẹ́ relé tó tẹ̀ ẹ́, kò rí i pé wọ́n ti fún Bàbá Clement, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó ibẹ̀, lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó tún fún un. Bàbá dìde, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Kò kú, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ kán.

Sharon, ọ̀gá ibẹ̀, pe Fọláránmi. Ìbéèrè kan ló bi í: "Ṣé o ti dúró ti ẹnì kankan rí níbi tó ti ń lò ó?"

Wọ́n yọ áàpù náà kúrò lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ilé ìtọ́jú mìíràn tó gbà á. Bó ṣe di ẹni tí kò ní áàpù, tí kò níṣẹ́ nìyẹn.

4.
Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó fi ìbínú lọ bá Ìyá Détọ́lá.

"Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó dáa?"

Ìyá wò ó tàánú-tàánú. "Ọmọ mi, mo rí i pé inú ẹ ń dùn, mo wá súre fún ẹ. Ṣé kí n máa wá bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé Ọlọ́run ni? Mi ò tiẹ̀ mú glasses mi wá lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ máa ṣe àmín, àdúrà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó súre fún yín kò tíì lo iṣẹ́ yín. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa lò ó, kí ẹ fojú ara yín wò ó. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sì fi ibi tó kù díẹ̀ káàtó hàn yín, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀tá. Kí Fọláránmi tó kọ́gbọ́n, ìbàdí baba olóbaba ti kán.

A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.