Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Fẹ́ Kí Wọ́n Fi Òun Kọrin

Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó bà lé Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, olórí àwọn ẹranko kéékèèké. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dìbò ni Erin, olórí àwọn ẹranko ńláńlá, ń fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀.

Ni Òkété, ọ̀kan nínú àwọn ẹranko kéékèèké, bá ń lọ láti ihò dé ihò, ó ń béèrè ohun tó ń dun oníkálukú kí wọ́n lè borí Erin. Inú wọn dùn, wọ́n fi í kọrin:

"Ta ló wá kí wa?"
"Òkété ni!"

Owú kò jẹ́ kí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè jẹun mọ́. "Òkété lásánlàsàn! Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tèmi ni?"

Ó sáré lọ síbi ihò wọn. Kò bi ẹnì kan léèrè nǹkan kan, ó kàn ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, ó ń ké: "Èmi náà dé o! Ẹ fi mí kọrin!"

Gbogbo ihò wó. Wọ́n hú ara wọn jáde, wọ́n sì fi í kọrin:

"Ta ló wó ilé wa?"
"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni!"