Ìwádìí Tí Àlàájì Jàfárù Ṣe

Ìdrìsù fẹ́ fi Sùmáyà ṣaya, ṣùgbọ́n Àlàájì Jàfárù, bàbá ọmọ, kò ní fọmọ fún ẹni tí kò bá wádìí. Aṣọ ni Àlàájì ń tà ní ọjà Wadata, ní Niamey, kì í sì í ra ìgàn kankan láìtú u wò dópin. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, Sùmáyà nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ nílé.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?" ló bi Ìdrìsù nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ìdrìsù ṣa ọ̀rọ̀ jọ. Niamey náà ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ, Yorùbá rẹ̀ a sì máa tiro bó bá kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó ní òkun wà rí níbi tí aṣálẹ̀ wà lónìí. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun náà fi egungun ara wọn mọ òkìtì, òkìtì di òkúta ẹfun, iyanrìn bò ó mọ́lẹ̀, epo rọ̀bì sì sá pamọ́ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ tòun ni láti ya òkúta yẹn sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga sí.

"Ta ló rí abẹ́ ilẹ̀ tó fi mọ bó ṣe rí?"

"Kò sẹ́ni tó rí i, Bàbá. Kànga méjì la gbẹ́, wọ́n sì jìnnà síra. A ò mọ ohun tó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè nínú òkun lónìí. Èyí tó wà láàyè la máa ń wò, ibi tó ga, ibi tó jìn, ibi tí ẹrẹ̀ kó jọ sí, ká tó mọ bí èyí tó farapamọ́ ṣe rí."

Inú Àlàájì dùn débi pé ó pa ìgàn ọwọ́ rẹ̀ tì.

"Bí ọmọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá," ló wí. "Bàbá rẹ ti dolóògbé, èmi ò sì rí inú rẹ. Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Gamkalley, létí Odò Ọya. Ewébẹ̀ ni wọ́n ń gbìn."

"Àwọn ni n ó lọ wò."

Ìdrìsù, ọ̀mọ̀wé, kò mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí. "Ẹ má wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Bàbá. Omi òkun a máa kún, a sì máa fà. Ọ̀tọ̀ ni bí nǹkan ṣe ń rí láàárọ̀, ọ̀tọ̀ ni nírọ̀lẹ́."

Nígbà tí Àlàájì dé Gamkalley, Hàwáù, ìyá Ìdrìsù, ń bomi rin sàláàdì. Ó ní kí àlejò má tíì jókòó, kó kọ́kọ́ bá òun gbé korobá. Ojú ti Ìdrìsù tó mú un wá, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àlàájì ká ọwọ́ agbádá, ó gbé korobá.

"Báwo lẹ ṣe rí i, Bàbá?" ni Ìdrìsù bi í bó ṣe ń sìn ín lọ síbi takisí.

"Ìwádìí ò tíì tán."

Ó padà wá. Odò kún, ó wá; odò fà, ó wá. Ó mú aṣọ dání, ó ní òun fẹ́ mọ bí Hàwáù ṣe ń dúpẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ìbéèrè nípa Ìdrìsù ni wọ́n ń gbọ́ láti àárín ebè. Nígbà tó yá, ẹ̀rín nìkan ni. Hàwáù kò ráhùn orúnkún mọ́, ó sì wá ìgò tìróò rẹ̀ rí.

"Ẹ ṣé, Ìyá mi," ni Ìdrìsù wí. "Mo mọ̀ pé torí tèmi lẹ ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yìí."

Hàwáù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa koríko. "Kò sóhun tí abiyamọ ò lè ṣe," ló dáhùn.

Ẹ̀rù ń ba Ìdrìsù. Bí Àlàájì bá kọ̀, Sùmáyà kò ní lòdì sí bàbá rẹ̀, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wá gbóyà, ó tọ Àlàájì lọ ní Wadata.

"Bàbá, kí lẹ tún ń wá tẹ́ ẹ ò tíì rí?"

"Hàwáù," ni Àlàájì bẹ̀rẹ̀, ó wúkọ́. "Ìyá rẹ kì í ṣe ẹni téèyàn ń tètè mọ̀ tán. Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́, láàárọ̀ ọ̀tọ̀, nírọ̀lẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹ retí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìdrìsù wọ agbádá tó le koko, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Gamkalley. Àwọn àgbà láti Wadata wọlé, obì kún igbá tí wọ́n gbé dání. Ọkàn Ìdrìsù balẹ̀. Ẹni tó gbé obì wá kò lè wá kọ èèyàn, ló sọ fún ara rẹ̀. Sùmáyà wà lẹ́yìn wọn, ó fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ìdrìsù rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

"Ìdrìsù," ni Bàbá Ìsmáílà, agbẹnusọ wọn, wí, "ọ̀rọ̀ ìwọ àti Sùmáyà ti yanjú láti ọjọ́ korobá, ṣùgbọ́n ìwọ lọkùnrin tó kù nílé yìí, ìwọ náà la sì gbé obì wá bá, pé kí o dákun fún Àlàájì ní ìyá rẹ, kí ìwádìí tìrẹ má sì pẹ́ tó tirẹ̀."