Ta Ló Ya Ọ̀nà Yìí?

Suwelim, òṣìṣẹ́ ìjọba, na ọwọ́ dí ẹnu àfonífojì àpáta mọ́ ìyá afinimọ̀nà kan àti àwọn àlejò rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ò ní ìwé àṣẹ, ẹ ò lè mú àwọn àlejò yìí rìn lónìí. Ọ̀nà wà nínú fóònù mi. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló yà á."

Ìyá náà yọjú wo fóònù. "Kí ló dé tó fi yí igi ẹlẹ́gùn-ún yìí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta?"

"Ọ̀nà ìjọba ni."

"Ìjọba wo? Nígbà tí oòrùn pa àwọn ọ̀mọ̀wé yín, ewúrẹ́ mi ni wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ya ọ̀nà mọ́ lọ́rùn, wọ́n wá jókòó ti tíì mi. Ìdí igi yẹn ni ewúrẹ́ náà ti rọbí, tó ń yí i po."

Ó súfèé. Ewúrẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ látorí àpáta, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

"Ó yá, Suwelim. Béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀."

Àwọn àlejò ti gbé omi wọn kọ́ èjìká.